Ọ̀dà Ọkọ̀ Sidre

Ó ti tó àádọ́ta ọdún tí Madrona ti ń fi ẹja sínú iyọ̀ ní Collioure, ìlú apẹja kan létí òkun ilẹ̀ Faransé, iṣẹ́ náà sì ti wọ̀ ọ́ lára débi pé kò sí ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kò ní í tò bí ẹja. Á gé orí, á fa ìfun, á tò wọ́n sínú àgbá, orí ọ̀kan síbi ìrù ìkejì, á da iyọ̀ lé e, á tún tò, á tún da iyọ̀ lé e, títí àgbá á fi kún. Ìgbà yẹn ni á wá gbé òkúta pẹlẹbẹ lé e lórí, ó di oṣù mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń to aṣọ ìbora. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń to búrẹ́dì. Sidre ọkọ rẹ̀, kí òkun tó gbé e lọ, máa ń sọ pé, "Madrona, lọ́jọ́ tí mo bá kú, jọ̀ọ́, má da iyọ̀ sí mi nídìí." Madrona á ní, "Ta ló fẹ́ fi iyọ̀ ṣòfò sórí ìdí tó rí báyẹn?"

Ní ìgbà ooru ọdún tí à ń wí yìí, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Evrard Loisel ti Paris wá, ó gba yàrá òkè nílé Madrona. Ó ga, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí òpó ìgbòkun, oòrùn sì ti bó imú rẹ̀ bí ẹní bó àlùbọ́sà. Láti òwúrọ̀ ni á ti lọ jókòó sí etíkun, á máa ya òkun, á máa ya àwọn ọkọ̀ ìpẹja, á máa ya ilé agogo ìjọ tó tẹsẹ̀ bọ omi. Àwọn apẹja á wá dúró sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á máa mi orí. Gbogbo àwọ̀ tí ọmọkùnrin yìí bá gbé jáde, á kọ́kọ́ pò ó mọ́ òmíràn, á tún fi funfun là á, títí á fi dà bí omi tí wọ́n fi fọ abọ́.

Tecla, tó ń jókòó ti Madrona níbi iṣẹ́ ẹja, tí ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ lọ, wò ó lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọmọ mi, òkun tí o yà yìí, kò níyọ̀."

"Màmá, mo mọ̀," ni ọmọkùnrin náà wí. "Ìmọ́lẹ̀ ìlú yín ń gbá mi létí bí ìgbájú. Tí mo bá wá fi ọwọ́ kan aṣọ àwòrán, á di àsáró."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré fún un. Ẹnì kan ní Paris ti fi àyè sílẹ̀ fún un lára ògiri níbi ìpàtẹ àwòrán ńlá kan. Bí kò bá rí nǹkan gbé débẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá, bàbá rẹ̀, tó ń ta ìṣó àti kọ́kọ́rọ́, ti ra épírọ́ọ̀nù tuntun sílẹ̀ dè é, lẹ́yìn káńtà ni yóò sì wà títí irun rẹ̀ á fi funfun. Ó ti sọ èyí fún Madrona nídìí oúnjẹ tó ìgbà méjìlá. Madrona sì ti ṣèlérí pé òun á fi ẹnu òun gbàdúrà, òun á sì fi ojú òun ṣọ́ àwọn àwòrán náà. Sátidé ni Evrard yóò wọ ọkọ̀ ojú irin. Méje ni àwòrán tó ti parí, ó sì tò wọ́n sórí òrùlé pẹrẹsẹ ilé Madrona kí oòrùn gbẹ wọ́n.

Ọjọ́ Mọ́ńdè, Evrard gun òkè lọ sáàárín ọgbà àjàrà láti lọ dágbére fún àwọn igi. Bó ṣe lọ tán ni afẹ́fẹ́ àríwá dé, èyí tí wọ́n ń pè ní tramuntana, tí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ó gba fìlà lórí àlùfáà, ó gbé síkẹ́ẹ̀tì Tecla bò ó lójú láàárín ọjà. Madrona ronú kan àwọn àwòrán, ló bá gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú orúnkún méjèèjì tó ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Nígbà tó fi máa débẹ̀, méjì ti ń fò fìrìfìrì. Ó fi ikùn dá ọ̀kan dúró. Ó jókòó lé ìkejì ní etí. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ Paris, ẹ ò ní í lọ síbì kankan."

Ọwọ́ rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó mọ̀. Ó tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀, ó da ìkejì bò ó, ojú sójú. Ó gbé ìkẹta lé e, ó da ìkẹrin bò ó. Nígbà tó to méjèèje tán, ó sọ̀kalẹ̀ lọ gbé òkúta tí wọ́n fi ń tẹ ẹja, ó gbé e lé wọn lórí. Nígbà tó wò ó pé afẹ́fẹ́ ṣì ń jà, ó tún lọ gbé ìkejì. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dùn ún, ó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì dára lójú rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ jẹ ọ̀pọ̀tọ́.

Lọ́wọ́ ọ̀sán, Evrard sáré wọlé, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. "Màmá! Àwọn àwòrán mi!"

"Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti tò wọ́n."

"Háà, Màmá! Ọlọ́run á dá yín sí fún wa!" Ó fi ẹnu ko orí rẹ̀, ó gbá àtẹ̀gùn mú. Madrona dúró nísàlẹ̀, ó ń retí ọpẹ́ ìkejì. Ó dúró díẹ̀ sí i. Ohun tó wá gbọ́ ni ìró kan, *ṣààrààà*, bí ìgbà tí wọ́n bá ń bó awọ ẹran.

Ó gòkè lọ bá a. Ọmọkùnrin náà jókòó sílẹ̀, ó la ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń bó àwòrán kúrò lára àwòrán. Ọ̀dà kò tíì gbẹ rárá. Òkun ti lẹ̀ mọ́ òrùlé. Ìdí ọkọ̀ kan ti lẹ̀ mọ́ ìkùukùu. Ilé agogo ìjọ, ilé Ọlọ́run, ti bá obìnrin tó ń fọṣọ sùn, àwọn méjèèjì sì ti di nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ orúkọ rẹ̀.

Evrard gbé ojú sókè. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè, "Màmá, ṣé ẹ rántí da iyọ̀ sí i?"

Madrona ní, "Kò sí iyọ̀ nílé." Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ ohun tó ń sọ.

Ọmọkùnrin náà wò ó. Ẹ̀rín gbé e lulẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, Madrona náà bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi apá gbá ikùn ara rẹ̀. "Yéè! Ọwọ́ burúkú yìí! Ọwọ́ tí kò mọ ju ẹja lọ! Mo ti pa ọ́, ọmọ ọlọ́mọ!"

"Ẹ má sunkún mọ́, Màmá. Wọn ò dáa tẹ́lẹ̀."

"Má purọ́ fún arúgbó."

"Méjì dáa," ó gbà bẹ́ẹ̀, ó ń nu imú. "Márùn-ún tó kù, ẹ ṣàánú wọn ni."

Ó ní òun lè fi ọ̀bẹ ha aṣọ àwọn àwòrán náà, kí òun tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ṣì kù. Ṣùgbọ́n ọ̀dà dà? Ó gbé àpótí rẹ̀ wá, ó da àwọn túùbù rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo wọn ti pẹlẹbẹ, ó ti fún wọn títí dé ìdí. Ti Paris kò lè dé kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

Madrona mú ọ̀kan, ó wò ó. "Bí ọmú mi gẹ́lẹ́," ó ní. "Kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́." Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìborùn rẹ̀ we orí, ó jáde.

Ní Collioure, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ ọkọ̀ tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, kó tó di pé a rí ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀, a ti mọ̀ pé ará ilé báyìí ni. Ìyókù ọ̀dà inú agolo kì í jáde nílé. Wọ́n ní ẹni tó bá fi ọ̀dà ọkọ̀ rẹ̀ tọrẹ, ẹja á tẹ̀ lé ọ̀dà náà lọ. Madrona mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Síbẹ̀ ó lọ dúró láàárín etíkun, níbi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe, ó sì jẹ́wọ́ ohun tó ṣe látòkèdélẹ̀.

Tecla rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lórí òkìtì àwọ̀n. "O fi òkúta tẹ̀ ẹ́? Òkúta méjì?"

"Méjì ni. Rẹ́rìn-ín tán, kí o lọ gbé yẹ́lò ilé yín wá fún mi."

Ẹ̀rín Tecla kú sí ọ̀fun.

Galderic, ọ̀rẹ́ Sidre àtijọ́, tó ní ọkọ̀ aláwọ̀ ewé, ló fọhùn. "Madrona, a mọ̀ pé inú rẹ kò dùn. Ṣùgbọ́n o mọ ohun tí ò ń béèrè. Mi ò fẹ́ kí ẹja ilé mi máa lúwẹ̀ẹ́ lọ sí Paris."

"Galderic, láti ìgbà tí o ti ń pẹja, ẹja wo lo rí pa tí yóò lọ sí Paris?"

Gbogbo etíkun hó. Galderic náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Kò sẹ́ni tó dìde.

Madrona padà sílé. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó nawọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó fa agolo kan jáde. Ọ̀dà pupa ọkọ̀ Sidre ni. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ọkọ̀ náà padà wá sétíkun, Sidre kò sí nínú rẹ̀. Wọn kò rí òkú rẹ̀ sin. Ọkọ̀ ti di ti ẹlòmíràn ní ìlú mìíràn, wọ́n ti fi àwọ̀ mìíràn kùn ún. Òun àti Sidre kò sì bí ọkùnrin tí yóò jogún àwọ̀ náà. Agolo yìí ni Madrona ní. Kò ṣí i rí. Ní àwọn ọjọ́ kan, ó kàn máa ń gbé e mì, kó lè gbọ́ pé nǹkan ṣì ń mì nínú rẹ̀.

Ó fi ọ̀bẹ ẹja ṣí ìdérí rẹ̀. Ojú ọ̀dà ti dì, ó le bí èépá ojú egbò. Ó gún un. Nísàlẹ̀, pupa náà wà bó ṣe wà, ó tutù, ó ń dán. Òórùn Sidre dìde nínú rẹ̀, òórùn òróró àti ti ọkùnrin tó ń kọrin tí kò mọ orin. Madrona jókòó sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé agolo láìdé e, ó gba etíkun kọjá, lójú gbogbo wọn.

"Madrona," ni Galderic wí, "kí lo gbé yẹn?"

"Ṣé ojú ti fọ́ ọ ni? Sidre ni."

Kò dúró. Ó gbé e lọ fún Evrard.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Tecla ni, ó ń kùn bí ológbò tó tutù, ó di agolo yẹ́lò mọ́ àyà. Àwọn ìbejì ilé Pous tẹ̀ lé e pẹ̀lú àwọ̀ ọsàn. Galderic ló dé kẹ́yìn, ó gbé agolo àwọ̀ ewé rẹ̀ kalẹ̀ bí ẹní gbé ọmọ fún alágbàtọ́. Àwọn ará ilé Bosc, tí wọ́n ni búlúù, kọ̀ jálẹ̀ ní tiwọn; wọ́n ní àwọn ò sí nínú yẹ̀yẹ́.

"Gbọ́ mi, Músíọ̀," ni Galderic wí fún Evrard. "Mo fún ọ, ṣùgbọ́n a kì í da oríire ilé méjì pọ̀. O ò gbọ́dọ̀ pò ó mọ́ ti ẹnikẹ́ni."

"Pàápàá," ni Tecla sọ, ó kọ ẹ̀yìn sí Galderic, "mi ò fẹ́ kí yẹ́lò mi fara kan ewé àwọn kan." Láti ìgbà tí àwọ̀n ilé méjèèjì ti lọ́ mọ́ra wọn ní ọdún tó kọjá, tí wọ́n sì fi ọ̀bẹ yanjú rẹ̀, wọn kì í kí ara wọn.

Evrard wo agolo mẹ́rin náà. "Láìpò? Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe òjìji? Báwo ni mo ṣe fẹ́ ya òkun láìsí búlúù?"

"Tí a ò bá rí ẹja, a máa ń fi tòmátì jẹ búrẹ́dì," ni Madrona dáhùn. "Lo ohun tó wà."

Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó sí etíkun, ìdajì ìlú sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Tecla gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sítòsí gan-an, ọ̀bẹ lọ́wọ́, bí ọlọ́pàá ọ̀dà. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá ti kúrò nínú agolo kan tó fẹ́ lọ sí òmíràn, á ní, "Nù ún! Nù ún dáadáa!" Evrard á nù ún. Ó fi àwọ̀ ọsàn kun òkè láìsí àbùlà. Ó fi yẹ́lò kun iyanrìn, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Níbi tí ewé Galderic bá ti sún mọ́ yẹ́lò Tecla, á fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn, kí aṣọ funfun lásán máa ṣe onílàjà. Ó wá ku òkun. Ó wo agolo pupa, ó wo Madrona.

"Màmá, tiyín ló kún jù. Òkun ló sì tóbi jù."

Madrona ń wo omi, níbi tó jìnnà. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó ti ń gé orí ẹja tí òkun yẹn bí, kò sì bá a sọ̀rọ̀ rí.

"Fi í síbẹ̀," ó ní. "Ibẹ̀ náà ló kúkú wà."

Evrard kun òkun ní pupa. Kò là á. Búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń lọ gbọọrọ-gbọọrọ bí ìgbì, ó ń fi ojú àlàfo funfun sílẹ̀ níbi tí oòrùn ti ń ta lórí omi. Pupa náà dúró ti ewé, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ọmọge méjì tí wọ́n rí ọkọ kan náà. Yẹ́lò kígbe. Òkè jó bí iná. Ṣe ni gbogbo rẹ̀ dà bí ọ̀sán gangan ní Collioure, nígbà tí èèyàn bá jáde láti inú ilé tó ṣókùnkùn, tí ojú rẹ̀ kò tíì gbà á, tí ó ní láti di ara ògiri mú.

"Mósè ti dé o!" ni Tecla pariwo. "Òkun Pupa rèé! Ẹ káṣọ, ẹ jẹ́ ká kọjá!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò kúrò níbẹ̀. Galderic tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn. "Ọkọ̀ mi yẹn. Wò ó. Ó ga ju ti gbogbo yín lọ."

"Ó ga nítorí pé ó wà níwájú, ọ̀dẹ̀," ni Tecla sọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò bá a sọ̀rọ̀ láti bí ọdún kan.

Evrard yí padà sí àwọn méjèèjì. Ọ̀dà wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. "Bàbá, Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ ò kí ara yín. Láti oṣù mẹ́ta ni mo ti ń po àwọ̀ pọ̀ títí wọ́n á fi kú. Ìjà yín ló kọ́ mi." Ó wá kúnlẹ̀ síwájú Madrona, nínú iyanrìn. "Ìwọ̀nyẹn tí ẹ tẹ̀ pa, Màmá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lórí wọn."

"Dìde, dìde, kí wọ́n má bàa sọ pé o fẹ́ fẹ́ mi," ni Madrona wí. Ṣùgbọ́n ó di orí ọmọkùnrin náà mú mọ́ ikùn rẹ̀ pẹ́, ojú rẹ̀ sì wà lára òkun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ẹni tí kò ní sàréè láti bẹ̀ wò, ó ti rí ibì kan tí yóò máa wò. Ó sọ ọ́ sínú pé, *Ọlọ́run, o ṣé. Ìwọ náà, afẹ́fẹ́, aláìlójútì, o ṣé.*

Mẹ́ta ni Evrard rí yà kó tó di Sátidé. Wọ́n tutù síbẹ̀. Madrona gbé èyí tó tóbi jù, Tecla gbé ọ̀kan, Galderic gbé ọ̀kan. Wọ́n kọjú àwọn àwòrán síta, wọ́n na ọwọ́ jìnnà sára bí ẹni tó gbé ọmọ tó ti yàgbẹ́ sára, wọ́n sì tò lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè. Ọkọ̀ ti dé. Narcís, ọ̀gá ibùdókọ̀, ọmọ Collioure tó ti jẹun jẹun tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀, na ọwọ́ dá wọn dúró.

"Màmá Madrona, ẹ dúró. Nǹkan tútù kì í wọ ibi tí èrò wà. Ó di inú ọkọ̀ ẹrù, láàárín àwọn àgbá."

"Láàárín àgbá? Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pa!"

"Òfin ni, Màmá."

Evrard ti ń wo aago. Bí àwọn àwòrán yìí bá bàjẹ́, kò sí òmíràn mọ́, kò sì sí ọjọ́ mìíràn. Àwọn èrò ti ń yọ orí jáde lójú fèrèsé. Obìnrin kan tó dé fìlà ìyẹ́ béèrè pé, "Kí tiẹ̀ ni nǹkan yẹn?"

Madrona gbé àwòrán náà sún mọ́ ojú Narcís. "Ìwọ wò ó. O kì í ṣe àlejò."

Narcís wò ó. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó tún wò ó. Ó na ìka. "Galderic nìyí," ó ní. Ìka rẹ̀ kúrò níbẹ̀. "Àwọn ìbejì Pous. Ilé Tecla rèé." Ó ń kà wọ́n bí ẹní ń ka orúkọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá dé orí òkun, ìka rẹ̀ sì dúró sínú afẹ́fẹ́. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Bàbá Sidre," ó ní. "Mi ò rí pupa yìí láti ìgbà yẹn."

"Òun ni," ni Madrona wí.

Narcís dé fìlà rẹ̀ padà. Ó rìn lọ sídìí ọkọ̀ àwọn èrò, ó ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó ní kí obìnrin onífìlà ìyẹ́ jọ̀wọ́ sún sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n gbé àwòrán ńlá náà jókòó sẹ́bàá fèrèsé, wọ́n gbé méjì tó kù sórí ìjókòó tó kọjú sí i, Evrard sì dúró ní ẹsẹ̀ láàárín wọn. Ìdúró ni yóò wà títí dé Paris. Ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó di ọwọ́ Madrona mú, ó ń wí pé, "Ẹ ṣé, Màmá, ẹ ṣé."

Ọkọ̀ fọn fèrè, ó mi ara rẹ̀. Madrona bá a rìn títí ibi ìdúró fi tán. Ó dúró níbẹ̀, orúnkún ń dùn ún, ó ń fi ìborùn nu ojú, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ikùn rẹ̀ débi pé Tecla ní láti dì í mú.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín, arúgbó yìí?"

"Sidre!" ni Madrona wí, ó ń jà fún èémí. "Kò wọ rélùwéè rí láyé rẹ̀. Ó ní ohun tí kò bá lè léfòó lórí omi, òun ò lè fi ìdí òun sínú rẹ̀. Wò ó bó ṣe jókòó sẹ́bàá fèrèsé!"